Lyon ni ìtọ́jú onítànṣán ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Chicago

Ẹ béèrè ẹni tó kọ́kọ́ fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ, Emil Grubbe ará Chicago ni ọ̀pọ̀ ìwé máa dárúkọ. Èmi ò gbà. Grubbe ní January 1896 lòun fi X-ray tọ́jú obìnrin kan tó ní jẹjẹrẹ ọmú, àmọ́ ó di 1933 kó tó kọ ọ́ síta. Ọdún 37! Freund, dókítà ará Vienna tí àwọn mìíràn máa ń dárúkọ, ńkọ́? Irun ara ọmọdé ló fi X-ray mú kúrò, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Victor Despeignes ni tèmi, dókítà ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé. July 1896 ló tọ́jú ọkùnrin ẹni ọdún 52 kan tí jẹjẹrẹ wà nínú ikùn rẹ̀, oṣù yẹn kan náà ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn. Röntgen ò tíì rí ìtànṣán yìí ju oṣù mẹ́jọ lọ ní Jámánì. Despeignes gbà pé kòkòrò ló ń fa jẹjẹrẹ, pé ìtànṣán á pa á. Ọ̀rọ̀ kòkòrò yẹn ò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìrora aláìsàn náà dínkù. Kò pẹ́ sígbà náà tó kú. Ó ń mu wàrà àti oògùn mìíràn pẹ̀lú, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìtànṣán nìkan ló ṣiṣẹ́.

Ohun tó wú mi lórí ni bó ṣe pín ìtànṣán náà: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fún bí ọjọ́ mẹ́jọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ò lágbára. Ó sì lè jẹ́ pé ó mọ ohun tí ìyá àgbà mọ̀, pé a kì í da odidi ìkòkò àgbo sọ́mọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Èyí kejì ni mo gbà.

Ọmọ Lyon náà ni Claudius Regaud, dókítà tó ṣèwádìí nípa ìtànṣán. Ní Paris, láàárín ọdún 1920 sí 1930, àgbò ló fi ṣèdánwò: bó bá tan ìtànṣán sí kóró ẹpọ̀n lẹ́ẹ̀kan kí àgbò má lè bímọ mọ́, awọ ara á jó, bó bá pín in sí ọjọ́ púpọ̀, àgbò ò ní lè bímọ, awọ ò sì ní bàjẹ́. Henri Coutard, dókítà tó bá Regaud ṣiṣẹ́, gbé ọ̀nà pípín yìí lọ bá àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Ta ló máa sọ fún mi pé Regaud ò gbọ́ nípa Despeignes, nígbà tí Lyon so àwọn méjèèjì pọ̀?

Ẹ má sì gbàgbé ohun tó ná wọn. Ọwọ́ ara wọn làwọn dókítà ìgbà náà fi ń dán ẹ̀rọ wò. Ó jó Grubbe pàápàá débi pé wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀ òsì. Ní 1936, wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ ní Hamburg fún àwọn tí ìtànṣán pa lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyókù ò ṣòro: ẹ̀rọ cobalt, tí ìtànṣán rẹ̀ ń ti ara irin cobalt jáde, dé ní Kánádà lọ́dún 1951, linear accelerator, tó ń fi iná mànàmáná ṣe ìtànṣán tó lágbára, dé ní London lọ́dún 1953. Ẹ̀rọ cobalt bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn ní 1987, ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun sì ṣí ní LUTH l'Ékòó ní February 2019. Ọ̀nà Regaud ṣì ni wọ́n ń tọ̀: lọ́pọ̀ ìgbà, Monday sí Friday, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá fi gbọ́dọ̀ wá ilé tó máa dé sí kó tó wá iye owó ìtọ́jú.