Ìmójútó àwọn ará àdúgbò lórí ilẹ̀ Santa Susana

Ìmójútó àwọn ará àdúgbò lórí ilẹ̀ Santa Susana ni akitiyan tí àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkè Simi, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣe láti ìparí àwọn ọdún 1970. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí wọ́n mọ àwọn èròjà olóró tí ibùdó ìwádìí Santa Susana Field Laboratory fi sílẹ̀ sínú ilẹ̀ àti omi, kí wọ́n sì rí i pé a kó wọn kúrò. Ibùdó náà jìnnà tó nǹkan bíi máìlì 30 sí àárín ìlú Los Angeles. Ilé-iṣẹ́ North American Aviation ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1947 fún ìdánwò ẹ̀rọ rọ́kẹ́ẹ̀tì, kí iṣẹ́ núkílíà tó dé bá a níbẹ̀. Iṣẹ́ núkílíà kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 1988, ti rọ́kẹ́ẹ̀tì sì parí ní ọdún 2006. Ilé-iṣẹ́ Boeing, tó gba ibùdó náà ní ọdún 1996, ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà. NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú sánmà, ló ń bójú tó apá tó kù.

Òkè náà àti ohun tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀

Ilẹ̀ ibùdó náà tó éékà 2,850. Wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, yàtọ̀ sí ilẹ̀ òfìfo tó wà ní etí rẹ̀. Ọ̀nà kẹrin, tó tó éékà 290 péré, ni wọ́n ti ṣe ìwádìí núkílíà fún ìjọba àpapọ̀. Ríákítọ̀ mẹ́wàá, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú agbára jáde látinú núkílíà, ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú irú èyí tí wọ́n dán wò níbẹ̀ ni SNAP-10A, tí wọ́n gbé lọ sí ojú sánmà ní ọdún 1965. Ilé kan wà tí wọ́n ti ń gé àwọn ọ̀pá yùréníọ̀mù tó ti ṣiṣẹ́ nínú ríákítọ̀ sí wẹ́wẹ́. Kòtò kan tún wà ní gbangba tí wọ́n ti ń nu sódíọ̀mù, irú irin rírọ̀ kan, kúrò lára irin àti páìpù, tí wọ́n sì ń sun oríṣiríṣi ìdọ̀tí níbẹ̀.

Ní àwọn ọ̀nà yòókù, rọ́kẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ wọn. Trichloroethylene, èròjà olóró kan tó ṣàn bí omi, ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìdánwò. Púpọ̀ nínú rẹ̀ dà sílẹ̀, ó gba inú àwọn pàlàpálá àpáta wọlẹ̀, ó sì wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀ títí di òní.

Orí òkè ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, omi kì í sì í dúró lórí òkè. Bí òjò bá rọ̀, ìhà gúúsù ibùdó náà ń ṣàn sínú Bell Creek, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orísun odò Los Angeles. Ìhà àríwá ń ṣàn lọ sí Simi Valley. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ fi kan ẹni tí kò tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀ rí.

Ọdún 1959 àti ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ fi wà ní ìkọ̀kọ̀

Ríákítọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sodium Reactor Experiment ni àwọn èèyàn mọ̀ jù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1957, iná mànàmáná rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí ìlú kékeré Moorpark, àwọn oníròyìn sì pariwo rẹ̀. Ariwo kankan kò sí nígbà tó bàjẹ́ ní ọdún 1959.

Sódíọ̀mù tí ooru ti yọ́ ni wọ́n fi ń gba ooru kúrò lára ọ̀pá yùréníọ̀mù inú ríákítọ̀ yìí, dípò omi. Òróró kan tó ń jẹ́ tetralin ni wọ́n sì fi ń mú ìdí pọ́ńpù tó ń ti sódíọ̀mù náà kiri tutù. Tetralin yìí jò wọ inú sódíọ̀mù. Nígbà tí ooru mú un, ó di nǹkan dúdú tó dà bí ọ̀dà, ó sì dí àwọn ọ̀nà tóóró tí sódíọ̀mù ń gbà kọjá láàárín àwọn ọ̀pá. Ọ̀pá tí sódíọ̀mù kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ kò ní ohun tí yóò gba ooru lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1959, agbára ríákítọ̀ náà ṣàdédé fò sókè. Àwọn òṣìṣẹ́ pa á, wọn kò rí ìdí rẹ̀, wọ́n tún tan án. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá iṣẹ́ lọ títí di ọjọ́ 26 oṣù náà. Nígbà tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, 13 nínú ọ̀pá 43 ló ti yọ́ lápá kan.

Ilé tí ríákítọ̀ náà wà kò ní ìbòrí kọnkéré líle irú èyí tí wọ́n ń fi bo àwọn ríákítọ̀ ńláńlá. Wọ́n tọ́jú gáàsì onítànṣán, ìyẹn èyí tó ń tú ìtànṣán núkílíà tó léwu jáde, sínú táǹkì, wọ́n sì ń tú u sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ohun tó jáde ṣe pọ̀ tó kò tíì yéé dá àríyànjiyàn sílẹ̀: àwọn onímọ̀ tí Boeing gbé iṣẹ́ fún sọ pé kò tó nǹkan, àwọn onímọ̀ tó wà lẹ́yìn àwọn ará àdúgbò sì sọ pé ó pọ̀ gan-an. Ìkéde tí ilé-iṣẹ́ tó ń lo ríákítọ̀ náà nígbà yẹn fi síta ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ kò sọ ju pé wọ́n rí ọ̀pá kan tó já, àti pé nǹkan onítànṣán kankan kò tú jáde.

Ọdún 1979 ni àṣírí tú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì UCLA, tí Daniel Hirsch ti ẹgbẹ́ Committee to Bridge the Gap ń darí, rí ìwé àti fíìmù tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yà nígbà tó ń yọ àwọn ọ̀pá tó bàjẹ́. Ìjọba kọ́ ló tú u, ilé-iṣẹ́ náà kọ́. Nínú ìwé tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ni wọ́n ti rí i, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kà á fún aráyé gbọ́ ni. Nígbà tí wọ́n sì túbọ̀ wo inú ìwé, wọ́n rí i pé èyí nìkan kọ́: ọ̀pá inú ríákítọ̀ SNAP8ER bàjẹ́ ní ọdún 1964, ti SNAP8DR bàjẹ́ ní ọdún 1969.

Bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń ṣọ́ ọ

Ní ọdún 1989, ìwé àyẹ̀wò kan láti ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, DOE, fi hàn pé ilẹ̀ àti omi ibùdó náà ti bàjẹ́. Àwọn tó ń gbé ní Simi Valley, West Hills àti Canoga Park dìde. Pẹ̀lú ìrànwọ́ àwọn aṣòfin wọn, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SSFL Work Group. Nínú ìpàdé rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ DOE, ti àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, EPA, àti ti àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó èròjà olóró, DTSC, máa ń jókòó síwájú àwọn ará ìlú, wọ́n á ka èsì àyẹ̀wò, àwọn ará ìlú á sì bi wọ́n ní ìbéèrè.

Irú ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè ni agbára wọn. Ará àdúgbò kò ní ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán nínú ilẹ̀, àmọ́ ó lè béèrè ibi tí wọ́n ti bu ilẹ̀ náà, bó ṣe jìn tó, àti ohun tí wọ́n ṣe sí i kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ní ọdún 1989 yẹn, òṣìṣẹ́ EPA kan lọ yẹ yàrá àyẹ̀wò ibùdó náà wò. Ó rí i pé wọ́n ń fọ ewé tí wọ́n já fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ń sun àwọn nǹkan náà nínú iná. Eruku onítànṣán tó bà sára ewé á ti bá omi lọ; èròjà tí ooru lè sọ di gáàsì á ti bá èéfín lọ. Ohun tó bá kù ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èsì. Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò kò ti gba èsì kankan láìbéèrè bí wọ́n ṣe rí i.

Bí àyẹ̀wò ilẹ̀ ṣe rí ni ti ìlera. Ìgbìmọ̀ kan tí ará ìlú wà nínú rẹ̀ ló mójú tó ìwádìí UCLA lórí àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó náà. Èsì àkọ́kọ́, tó jáde ní ọdún 1997, rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ tí ìtànṣán kàn jù ni jẹjẹrẹ pa jù. Ìwádìí míràn tí Boeing sanwó rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun kò rí irú rẹ̀. Ní ọdún 2007, Hal Morgenstern, onímọ̀ ìlera, rí i pé àwọn oríṣi jẹjẹrẹ kan fi ohun tó lé ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń gbé ní máìlì méjì sí ibùdó náà, ju àwọn tó jìnnà ju máìlì márùn-ún lọ. Òun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé iye yìí kò fi hàn pé ibùdó náà ló fà á. Ìkìlọ̀ náà yẹ ká mú un ní òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tu òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù nínú.

Kí ni ilẹ̀ tó mọ́?

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni ìjà tó gùn jù dá lé. Àwọn kan ní kí wọ́n tún ilẹ̀ ṣe dé ìwọ̀n tí kò ní pa ẹni tó bá ń lò ó lára. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń rìn kọjá lásán ni yóò máa lò ó, ìdọ̀tí tó pọ̀ díẹ̀ lè kù síbẹ̀. Àwọn kejì ní kí ilẹ̀ padà sí bó ṣe wà kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ìtànṣán àdánidá wà nínú gbogbo ilẹ̀ ayé, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà kejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ tó jọ ọ́ níbi tó jìnnà, kó sì fi wé e. Ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì kì í ṣe ti ẹnu lásán: òun ni yóò sọ iye ọkọ̀ akẹ́rù ilẹ̀ tí wọn yóò gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Ní ọdún 2003, DOE pinnu láti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Ọ̀nà kẹrin sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú àti ìjọba ìlú Los Angeles pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, Adájọ́ Samuel Conti dá wọn láre, ó ní DOE rú òfin nígbà tí kò ṣe àyẹ̀wò kíkún lórí ohun tí ìpinnu rẹ̀ yóò ṣe sí àyíká. Ọdún yẹn náà ni ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ṣe òfin tó béèrè ìmọ́tótó tó le jù lọ; Boeing pe ẹjọ́ lòdì sí i, ó borí ní ọdún 2011, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2014.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2010, DOE àti NASA fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú DTSC pé àwọn yóò dá apá tiwọn padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí ọdún 2017 tó parí. Boeing kò fọwọ́ sí i. EPA wá ṣe àyẹ̀wò Ọ̀nà kẹrin pẹ̀lú ohun tó lé ní mílíọ̀nù 41 dọ́là. Wọ́n bu ilẹ̀ níbi tó lé ní 3,700, ìtànṣán sì ju ti àdánidá lọ ní ibi tó lé ní 400. Cesium-137 àti strontium-90, èròjà onítànṣán méjì, wà lára ohun tí wọ́n rí. Ọdún 2017 dé, ó kọjá, iṣẹ́ kíkó ilẹ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀.

Ohùn àwọn ará àdúgbò fúnra wọn kò ṣọ̀kan. Ní ọdún 2012, DTSC fọwọ́ sí ẹgbẹ́ kejì, SSFL Community Advisory Group. Wọ́n ní kíkó ilẹ̀ tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ba igbó àti àwọn ibi àbáláyé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Chumash jẹ́, pé ọkọ̀ akẹ́rù yóò sì da àwọn òpópónà láàmú fún ọdún púpọ̀. Àwọn ti Work Group ní èyí kò yàtọ̀ sí ohun tí Boeing fẹ́ gbọ́. Ní tòótọ́, ihò àpáta tó ní àwòrán àwọn ará àtijọ́ wà lórí ilẹ̀ náà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́.

Iná Woolsey

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, iná igbó tí wọ́n pè ní Woolsey bẹ̀rẹ̀ láti inú ilẹ̀ ibùdó náà gan-an. Ó jó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì sáré dé etí òkun Malibu. Éékà tó lé ní 96,000 ló jó, èèyàn mẹ́ta kú. DTSC sọ pé iná náà kò gbé èròjà olóró ibùdó náà jáde. Àwọn ará àdúgbò kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn onímọ̀ kan kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda bí wọ́n ṣe ń kó eérú àti eruku sínú ọ̀rá, bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ pa, tí wọ́n ń kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti rí i sára rẹ̀, kí ó má bàa dàrú mọ́ òmíràn. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ 360. Ìwé ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2021: púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ kò ju ti àdánidá lọ, àmọ́ nínú díẹ̀, wọ́n rí èérún onítànṣán tí wọ́n so mọ́ ibùdó náà. Ìwé yìí kò parí àríyànjiyàn náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti fi ọwọ́ ara wọn kó ẹ̀rí wá.

Láàárín ọdún 2020 sí 2021, DOE wó ilé 18 tó kù fún un ní Ọ̀nà kẹrin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, àjọ ìpínlẹ̀ kéde àdéhùn tuntun pẹ̀lú Boeing. Inú ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti jíròrò rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú kò sì sí níbẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 2023, DTSC gbé ìwé àyẹ̀wò àyíká tó kẹ́yìn jáde lórí gbogbo ibùdó náà. Nígbà yẹn, àwọn ilé ti lọ, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn ṣì wà níbẹ̀.