Ilé arúgbó kọ́ ni gbogbo ibi táwọn àgbà bá kó jọ sí

Lóṣù tó kọjá, gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa gbóná ju ata rodo lọ. Kẹ́hìndé, ọmọ àbúrò màmá mi tó wà ní Houston, ló fi fọ́tò ilé kan ránṣẹ́, ó ní ibẹ̀ ni Ìyá Ìbejì máa kó lọ tí wọ́n bá ti ta ilé ńlá tí wọ́n ń dá gbé látìgbà tí Bàbá Ìbejì ti kú. Fọ́tò yẹn dáa o, ilé alájà mẹ́ta, òdòdó, omi ìlúwẹ̀ẹ́, àwọn àgbà òyìnbó tó wọ kánfáàsì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín síra wọn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí vóìsì nóòtì fi ń rọ́ wọlé láti Òkè-Àdó. Bùọ̀dá mi àgbà ní, "Ẹ fẹ́ lọ ju ìyá yín sí ilé arúgbó, ṣé wọ́n ju ẹ̀yin náà síbì kankan nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọwọ́?" Àǹtí mi kan ti bú sẹ́kún. Àfìgbà tí Ìyá Ìbejì fúnra wọn, ẹni ọdún 72 tí wọ́n ṣì ń wa mọ́tò ara wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wá fọhùn: "Ta ló kú tẹ́ ẹ̀ ń sunkún?"

Mi ò lè bú àwọn tó sunkún, torí ohun tí èmi náà mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló kó bá wa. Ilé arúgbó nìkan la ní, òun náà la sì fi ń pe ibi mẹ́ta tí ò jọra wọn rárá.

Èyí tó wà lọ́kàn wa ni nursing home, ibi tí nọ́ọ̀sì wà tọ̀sán-tòru fún ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀. Assisted living tún wà, ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n bá òun wẹ̀ àbí kí wọ́n bá òun mójú tó oògùn ló ń lọ síbẹ̀. Èyí tí Ìyá Ìbejì fẹ́ lọ, independent living ni wọ́n ń pè é, ilé ni wọ́n gbà níbẹ̀ o, wọ́n máa san rẹ́ǹtì, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kíṣìnnì tiwọn, wọ́n á jáde nígbà tó bá wù wọ́n, wọ́n á wọlé nígbà tó bá wù wọ́n, ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé ẹgbẹ́ wọn ni gbogbo aládùúgbò, ẹlòmíì á gé koríko, ẹlòmíì á tún ẹ̀rọ omi ṣe, bọ́ọ̀sì á gbé wọn lọ rajà, ẹni tí ò bá sì fẹ́ dáná á lọ jẹun ní yàrá ìjẹun ńlá. Kò sẹ́ni tó máa wẹ̀ fún wọn.

Nǹkan mẹ́fà làwọn dókítà máa ń wò tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbà ṣì lè dá gbé: ṣé ó ń dá wẹ̀, ṣé ó ń dá wọṣọ, ṣé ó ń dá lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ṣé ó ń dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣé ó lè mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, ṣé ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ jẹun. Ìyá Ìbejì ń ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n tún fi ìjà ṣe ìkeje.

Nǹkan ọ̀hún ti pẹ́ nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kìíní oṣù January 1960 ni Del Webb, kọ́lékọ́lé kan, ṣí Sun City, àdúgbò àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, ní Arizona, ó kọ́ ilé márùn-ún káwọn èèyàn lè wá wò kí wọ́n tó rà, ó fi pápá gọ́ọ̀fù àti ṣọ́ọ̀bù tì í, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì tára wọn ṣì le ló ń tà á fún. Òfin tó ti wà nílẹ̀ látọdún 1995 sì sọ pé ẹ́síteéètì tó bá lóun jẹ́ ti ẹni ọdún 55 sókè, ó kéré tán, nínú ilé 100 téèyàn ń gbé, 80 gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó ti pé 55 nínú. Ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò, wọn ò wo àìsàn. Ibi tó ti wá kan àwa Yorùbá ni pé ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ iye ọjọ́ tí ọmọ kékeré lè fi sùn síbẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, ìyá tó ń retí àwọn ọmọ ọmọ ní gbogbo họ́lídè, ẹ ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ ìgbàgbọ́ òdì kejì ló ń bà mí lẹ́rù ju tàkọ́kọ́ lọ. Tí ẹ bá ti ṣàlàyé tán pé kì í ṣe ilé ìjùsílẹ̀, ẹbí á wá ní, "Ó dáa náà, ó kéré tán nọ́ọ̀sì á wà níbẹ̀." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Independent living kì í ṣe ọsibítù. Medicare, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún ẹni ọdún 65 sókè, kì í san rẹ́ǹtì ibẹ̀. Ìràwọ̀ tí Medicare ń fún nursing home látọdún 2008, látorí ẹyọ kan dé márùn-ún, láti fi hàn bí ibẹ̀ ṣe dáa tó, kò kàn wọ́n rárá, ẹ lè wá a títí kẹ́ ẹ má rí orúkọ ibẹ̀. Bọ́tìnnì tí wọ́n gbé kọ́ ògiri pé tẹ́ ẹ bá ṣubú kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè pé ta ló ń gbé e tó bá dún láago méjì òru.

Ìdí nìyẹn téèyàn fi gbọ́dọ̀ fojú ara ẹ̀ wo ibẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Kẹ́hìndé lọ, ọjọ́ Tuesday ni, wọ́n ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, ọmọbìnrin kan tó rẹ́rìn-ín púpọ̀ fi yàrá tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun sí hàn án. Mo ní kó padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kó sì mú màmá ẹ̀ dání. Wọ́n débẹ̀, yàrá ìjẹun ti tì, wọ́n lẹ bébà mọ́ ẹnu lífítì pé kò ṣiṣẹ́, bàbá kan tó ń gbé àjà kejì sì jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú àpò ọjà méjì lẹ́sẹ̀, áísìkiriìmù ti ń yọ́ jáde nínú ọ̀kan, ó ń retí ẹni tó máa bá òun gbé e gòkè. Fọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí wa kò ní bàbá yẹn nínú.

Ìyá Ìbejì tún ní káwọn wo kíṣìnnì. Orógùn ni wọ́n yọ látinú báàgì, mi ò purọ́ fún yín, Kẹ́hìndé tan fídíò ká lè rí i. Iná ẹlẹ́tíríìkì tó ní gíláàsì pẹrẹsẹ lójú ni, wọ́n gbé ìkòkò lé e, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń ro àmàlà, ìkòkò ń yọ̀ káàkiri bíi mọ́tò nínú ẹrẹ̀. Wọ́n wojú ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: "Ẹ̀yin ò mọ̀ pé èèyàn ń ro nǹkan?"

Ìwé àdéhùn ló wá le jù. Èló ni rẹ́ǹtì fi ń lé lọ́dọọdún? Tí wọ́n bá gba owó àbáwọlé, èló ló ń padà téèyàn bá kó jáde tàbí tó bá kú, ta ló sì ń gbà á? Ta ló máa sọ pé ìyá yìí ò lè dá gbé mọ́, ọjọ́ mélòó ni wọ́n á fún un kó fi kó ẹrù? Ibòmíì wà tó ní oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú ọgbà kan, téèyàn á fi máa sún láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì bára bá ṣe ń rẹ̀ ẹ́, àmọ́ owó àbáwọlé irú ìyẹn lè gbé owó ilé téèyàn tà mì.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ń ṣe wá níbí náà o. Ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn àgbà wà ní UCH, ọsibítù ńlá tó wà n'Ìbàdàn níbí, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i, àgbà ń lọ síbẹ̀ lọ rí dókítà, wọ́n á sì padà sílé. Ìyá àdúgbò wa kan kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lọ sí ilé arúgbó, ìfúnpá wọn sì ń ga. Bẹ́ẹ̀, ní Bódìjà àti Olúyọ̀lé, ilé oníyàrá mẹ́fà pọ̀ tó jẹ́ ìyá kan àti mégádì nìkan ló wà nínú ẹ̀, gbogbo ọmọ wà ní Canada, a ò pe ìyẹn ní ìjùsílẹ̀. Bùọ̀dá mi tó fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ yẹn, Iléyá ọdún tó kọjá ni wọ́n rí ẹ̀gbọ́n bàbá wa kẹ́yìn, ìyẹn sì ń gbé Mọ́kọ́lá. Mi ò sọ ọ́ nínú gúrúùpù ṣá.

Ìyá Ìbejì ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Wọ́n ní ìsàlẹ̀ làwọn ń gbà tó bá jẹ́ ibẹ̀ náà ni, kí lífítì lọ máa dá wà, wọ́n sì ti kọ ìbéèrè owó àbáwọlé sínú ímeèlì lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ò tíì fèsì. Wọ́n ní àwọn ò kánjú, orógùn àwọn ṣì wà nínú báàgì.