Ọ̀rọ̀ tí GPS ń sọ kọ́ ni aago

Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Lágèrè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, pè mí wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ra GPS kékeré oní-USB, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì, ó kì í bọ ara server (kọ̀ǹpútà àgbà) ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí aago rẹ̀ lè máa pé, ó gbé e sójú fèrèsé. Aago yọ. "Ẹ̀gbọ́n, ó parí nìyẹn. Ọwọ́ sátẹ́láìtì gan-an la ti ń gba aago báyìí."

Ẹ̀rín pa mí díẹ̀, torí ohun tí èmi náà gbà gbọ́ fún bí ọdún méjì nìyẹn.

Ìgbàgbọ́ náà ní gbòǹgbò. Aago átọ́ọ̀mù wà nínú sátẹ́láìtì GPS kọ̀ọ̀kan, tó ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè. Ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ kàn ń tẹ́tí sí wọn bíi rédíò ni. Kì í jẹ dátà, kódà kí íntánẹ́ẹ̀tì kú pátápátá. Ṣùgbọ́n aago tó dé inú kọ̀ǹpútà kì í pé bẹ́ẹ̀, òkè kọ́ sì ni ìṣòro wà. Àárín GPS àti kọ̀ǹpútà ló wà, nínú wáyà tí kò ju apá kan lọ.

Gbólóhùn ni USB yẹn ń gbé wọlé: lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń kéde pé aago báyìí ti lù. Ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ ṣírò kó tó sọ̀rọ̀. Ní ìwọ̀n ìyára 9600 (iye bit tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò, lẹ́tà kan ń gba bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà gbólóhùn onílẹ́tà 70 á ti fi bí ìdá 70 pẹ́ kó tó délé tán. Bí sátẹ́láìtì tó ń rí bá pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á gùn sí i. USB náà á tún fi tirẹ̀ kún un. Ìpẹ́ tó dúró sójú kan, a lè yọ ọ́ kúrò. Èyí tó ń yí padà ṣáá ló ń da nǹkan rú.

Ẹ rántí rédíò àtijọ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á ní aago méje fẹ́ lù, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ "píì, píì, píìì". Ẹnu rẹ̀ la ti mọ̀ pé méje ni. Píì tó gbẹ̀yìn ni méje gan-an. Tí wọ́n bá yọ píì kúrò, ọ̀rọ̀ wo nínú gbogbo ohun tó ń sọ lẹ ó fi yí aago ọwọ́ yín?

GPS ní píì tirẹ̀. PPS ni wọ́n ń pè é: wáyà kan tí iná ń ta lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí àṣìṣe rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀pọ̀ oní-USB olówó pọ́ọ́kú kì í yọ wáyà yìí síta. Èyí tó ní ẹsẹ̀ PPS lẹ fẹ́ rà, kí ẹ so ó mọ́ GPIO (àwọn ẹsẹ̀ tí a ń so wáyà mọ́) ara Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan. Nínú chrony, ètò tó ń tún aago kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ kọ "noselect" (má yan eléyìí) sí ìlà gbólóhùn, kí ẹ sì fi "lock" so PPS mọ́ ọn: gbólóhùn á sọ aago tó lù, PPS á sọ ìgbà tó lù ú.

Fèrèsé náà ńkọ́? Ìdajì ojú ọ̀run ló rí, páànù kò sì ní jẹ́ kí ìyókù wọlé. Òkè òrùlé ni áńtẹ́nà ń gbé. Kùrukùru òjò ò lè dí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ohun kan kù tó máa ń dẹ́rù bani lọ́jọ́ àkọ́kọ́. GPS kì í ka ìṣẹ́jú-àáyá àfikún tí wọ́n ń fi kún aago ayé. Láti 1 January 2017 ló ti fi 18 ṣáájú. Sátẹ́láìtì ń kéde ìyàtọ̀ yìí, ṣùgbọ́n odindi ìkéde rẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú 12 ààbọ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn lè fi ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ṣì yín lọ́nà kó tó gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó jókòó ná.

A ṣí "chronyc sources", àṣẹ tó ń fi ìyàtọ̀ aago hàn, lórí server rẹ̀. Nọ́ńbà ń fò sókè, ó ń fò sílẹ̀ bí ewúrẹ́ ọjà. Ó wò ó títí, ó gbójú sókè wo páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti dípẹtà.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa gun ìyẹn?"