Ẹ́ńjìnnì Wo Ni? Bí Ìbéèrè Kan Ṣe Di Òfin Nínú Bàálù

Bí ẹ́ńjìnnì kan bá yarí lójú òfuurufú lónìí, àwọn awakọ̀ méjèèjì tó wà níwájú kì í sáré. Ọ̀kan di bàálù mú kó má baà ṣáko. Èkejì gbé ọwọ́ lé tọ́rọ́tù, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń bu agbára fún ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò tíì fà á. Ó pè é síta pé, "Ẹ́ńjìnnì kìíní rèé, àbí?" Ẹni kejì á wo ọwọ́ náà, á wo gọ́ọ̀jì, ìyẹn ojú òṣùwọ̀n tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣe hàn, á ní, "Òun ni." Ìgbà yẹn ni ọ̀pá náà tó ń kúrò níbi tó wà. Ẹ̀mí ti bá a lọ kí àṣà yìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìwé àyẹ̀wò, tí wọ́n to iṣẹ́ sí lẹ́sẹẹsẹ kí wọ́n máa kà á jáde, ló kọ́kọ́ dé. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1935, bàálù Boeing Model 299 gbéra ní Wright Field ní ìpínlẹ̀ Ohio, kò sì pẹ́ tó fi já lulẹ̀. Kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí wọ́n fi ń ti ìrù rẹ̀ pa kí atẹ́gùn má baà máa gbọ̀n ọ́n nílẹ̀ ni wọ́n gbàgbé láti ṣí. Ployer Hill tó wà á kì í ṣe ọmọ àná nídìí iṣẹ́ náà, síbẹ̀ ó bá a lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti gbà pé ohun tó wà nínú bàálù ńlá ti ju ohun tí orí kan lè há mọ́ra.

Ìwé wà o, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìkánjú ni wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ láyé pọ̀rọ̀pẹ́là, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ ńlá tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fa bàálù lọ, ó sì nídìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, afẹ́fẹ́ á máa yí pọ̀rọ̀pẹ́là rẹ̀ lásán, á dà bí ìgbà tí èèyàn na pákó fífẹ̀ sójú ìjì: á máa fa bàálù sẹ́yìn, á sì máa yí imú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó kú. Àfi kí wọ́n tètè yí apá pọ̀rọ̀pẹ́là náà kí etí rẹ̀ dojú kọ afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ èyí tó kú. Ẹsẹ̀ tó ń tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ gidigidi kí imú bàálù má baà yà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó wà láàyè. Èyí tó sinmi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òkú wà.

Jẹ́ẹ̀tì dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì lè máa gbọ̀n, kó máa tu iná lẹ́nu, síbẹ̀ kó ṣì máa ti bàálù lọ, nítorí náà ẹsẹ̀ kò ní ohun tí yóò sọ. Ìkánjú náà kò sì wúlò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀: bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì tó ku ọ̀kan lókè réré kò ní já bọ́, yóò kàn rọra sọ̀ kalẹ̀ síbi tí agbára ọ̀kan ti lè gbé e. Àyè wà láti wò ó dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kegworth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jẹ́ kí gbogbo ayé rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí èèyàn kò bá lo àyè náà.

Ọjọ́ 8 oṣù Kínní ọdún 1989 ni. Boeing 737-400 ti ilé iṣẹ́ British Midland gbéra ní Heathrow, ó ń lọ sí Belfast, èèyàn 126 ló wà nínú rẹ̀. Ó ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà 28,000, ó ṣì ń gòkè, nígbà tí apá kan nínú fáànù ẹ́ńjìnnì òsì kán. Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òórùn èéfín gba yàrá awakọ̀. Ọ̀gá awakọ̀ bi igbákejì rẹ̀ léèrè èyí tó ń dà wọ́n láàmú. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gba ìdáhùn náà sílẹ̀: igbákejì bẹ̀rẹ̀ sí í pe òsì, kò pè é tán tó fi yí i sí ọ̀tún. Ọ̀gá ní kó dín agbára rẹ̀ kù. Bí wọ́n ṣe pa ẹ́ńjìnnì tó dára nìyẹn.

Kí ló fà á? Nínú àwọn 737 tó ṣáájú, ọwọ́ gọ́ọ̀jì gùn, ó ń tọ́ka bí ọwọ́ aago. Nínú 400 yìí, wọ́n ti sọ ọ́ di iná tín-ín-tín tó ń rìn yí etí gọ́ọ̀jì ká, gọ́ọ̀jì tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbọ̀n hàn sì kéré. Nínú àwọn bàálù àtijọ́, gọ́ọ̀jì yẹn gan-an máa ń ṣìnà, awakọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ọ̀gá ti wa 400 fún wákàtí 23 péré, igbákejì 53, kò sì sí ẹ̀rọ ìdánrawò rẹ̀ kankan ní Bìrìtéènì nígbà náà. Ní ti èéfín, ohun tí ọ̀gá mọ̀ nípa bí atẹ́gùn ṣe ń wọ inú bàálù ló jẹ́ kó gbà pé ọ̀tún ló ti ń bọ̀.

Ohun tó wá dì í pa ni pé gbígbọ̀n náà rọlẹ̀. Wọ́n ti yọ ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ bu agbára kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Epo tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì òsì dín kù, ó sì fara balẹ̀. Lójú àwọn awakọ̀, ọ̀tún tí wọ́n pa ló mú àlàáfíà wá. Ọ̀gá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn àmì tí wọ́n rí yẹ̀ wò lẹ́yìn náà, àfi bí rédíò ṣe já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì padà sí i. Lẹ́yìn bàálù, àwọn èrò kan ti rí iná tó ń ta lẹ́nu ẹ́ńjìnnì òsì. Wọ́n gbọ́ tí ọ̀gá kéde pé ọ̀tún ló yọnu, ọ̀rọ̀ náà rú wọn lójú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ sọ fún un.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ balẹ̀ ní East Midlands ni wọ́n tún nílò agbára. Ó ku bíi máìlì 2.4 tí ẹ́ńjìnnì òsì fi dákẹ́. Bàálù náà já lulẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ M1, èèyàn 47 kú.

Àwọn olùwádìí rí i pé orí ilẹ̀ ni wọ́n ti dán ẹ́ńjìnnì náà wò, bẹ́ẹ̀ lókè ẹsẹ̀ bàtà 10,000, nígbà tó bá ń lo agbára ńlá, ni apá fáànù rẹ̀ ń gbọ̀n débi tó fi ń kán. Wọ́n ní kí wọ́n máa dán irú rẹ̀ wò lójú òfuurufú. Wọ́n tún ní kí awakọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú èrò máa gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, kí ẹni tó rí nǹkan lẹ́yìn lè sọ ọ́ níwájú. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ojú tó rí òtítọ́ kò wọ́n nínú bàálù yẹn.

Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú 737 báyìí bí iná bá ń jó ẹ́ńjìnnì. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni, wọn kì í fọwọ́ kan nǹkan kan títí wọ́n á fi ga tó ẹsẹ̀ bàtà 400 ó kéré tán. Kí bàálù máa fò ló ṣáájú. Wọ́n á yọ ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ bu agbára. Tọ́rọ́tù: ẹ bá mi wò ó, òun ni, wọ́n á tì í pa. Ọ̀pá tó ń gé epo: ẹ bá mi wò ó, òun ni, wọ́n á gé e. Ọwọ́ panápaná: ẹ bá mi wò ó, òun ni, wọ́n á fà á sókè, á sì dí ojú epo, á dí ojú atẹ́gùn. Bí àmì iná kò bá kú, wọ́n á yí ọwọ́ náà, ìgò gáàsì panápaná kìíní á tú jáde. Tó bá di ìṣẹ́jú àáyá 30 tí iná kò tíì kú, wọ́n á yí i sí òdìkejì, ìgò kejì á tú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé, wọ́n á sì wá pápákọ̀ tó yẹ tó sún mọ́ wọn jù.

Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú bàálù Dana 992 tó já lé Iju-Ishaga ní Èkó lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ìṣẹ́jú 17 lẹ́yìn tó kúrò ní Àbújá ni ẹ́ńjìnnì kìíní ti pàdánù agbára. Wọn kò lo ìwé àyẹ̀wò, wọn kò sì balẹ̀ sí pápákọ̀ tó sún mọ́ wọn. Èkó ni wọ́n ń lọ, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ balẹ̀, ẹ́ńjìnnì kejì náà kọ̀ láti dáhùn. Gbogbo èèyàn 153 inú rẹ̀ ló kú, pẹ̀lú àwọn tó bá nílé.

Ní Taipei, ní ilẹ̀ Taiwan, lọ́jọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2015, pọ̀rọ̀pẹ́là ọ̀tún bàálù ATR 72 ti ilé iṣẹ́ TransAsia fúnra rẹ̀ yí etí sí afẹ́fẹ́ nítorí ẹ̀rọ kan tó ṣìṣe, kété tí wọ́n gbéra. Ohun tí ayé àtijọ́ fi ń kánjú, bàálù ti bá wọn ṣe é. Òsì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀gá awakọ̀ ní òun máa fa tọ́rọ́tù ẹ́ńjìnnì kìíní, èyí tí í ṣe ti òsì, sẹ́yìn. Ẹni tó jókòó tì í ní kó dúró ná, kí àwọn jọ wò ó. Ọwọ́ ti fà á.