Ọmọ Írẹ́lándì Kọ Ọbabìnrin Sílẹ̀: Ṣé Ọbabìnrin Gbà?

Ìbéèrè: Mo rí àwòrán ìwé kóòtù New York àtijọ́ kan. Ọmọ Írẹ́lándì ló fẹ́ di ará Amẹ́ríkà, àmọ́ Ọbabìnrin Victoria ló ń kọ̀ sílẹ̀. Kí ló pa wọ́n pọ̀?

Ìdáhùn: Victoria ni ọba rẹ̀ lójú òfin. Oṣù Kìíní ọdún 1801 ni wọ́n ti so Írẹ́lándì mọ́ Bírítéènì. Látìgbà náà, adé kan náà ni ará Cork ní Írẹ́lándì àti ará London ń sìn, ì báà tẹ́ ará Cork lọ́rùn, ì báà má tẹ́ ẹ lọ́rùn. Òfin Amẹ́ríkà sì ní kí àlejò dárúkọ ọba tó ń kọ̀ ní pàtó. Ọ̀pọ̀ wọn ló sá fún ìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1845, nígbà tí àrùn kọ lu pòtétò (èyí tí àwa náà ń pè ní Áírìṣì lọ́jà). Mi ò rò pé ó ni wọ́n lára láti kọ ọbabìnrin yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé ó máa ń pẹ́ kó tó rí ìwé gbà?

Ìdáhùn: Nígbà náà, ó gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 5 ní Amẹ́ríkà. Á kọ́kọ́ lọ búra ní kóòtù pé ó wà lọ́kàn òun láti di ọmọ ìlú. Ìwé àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún 2 (ọdún 3 ni kí wọ́n tó yí òfin padà ní 1824), á padà wá pẹ̀lú ẹlẹ́rìí tó lè sọ pé èèyàn dáadáa ni. Kóòtù àdúgbò lè ṣe é, kò dìgbà tó bá dé ti ìjọba àpapọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé wọn ò fi bára mu. Kó tó di 1906, ọ̀pọ̀ ìwé ò ní ju orúkọ, "Írẹ́lándì", ọjọ́, àti àmì X tí ẹni tí kò mọ̀wé fà síbi tó yẹ kó fọwọ́ sí. Abúlé tó ti wá? Wọn ò béèrè.

Láti 1862, ọdún 1 péré tó fún sójà tó parí iṣẹ́ ogun tiyìtiyì. Aláwọ̀ funfun nìkan ni òfin gbígba ìwé ọmọ ìlú sì ṣílẹ̀kùn fún o. Ọdún 1870 ni wọ́n tó ṣí i fún ọmọ Áfíríkà.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń fi ìwé yìí ṣe òṣèlú?

Ìdáhùn: Gan-an ni. Nígbà ìbò 1868 ní New York, àwọn adájọ́ tó ń ṣe ti Tammany Hall, ẹgbẹ́ òṣèlú tí William Tweed ń darí, ń sọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn di ọmọ ìlú lóòjọ́ kí wọ́n lè dìbò.

Ìbéèrè: Tó bá ti búra tán, ṣé Bírítéènì ti jọ̀wọ́ rẹ̀ nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o! Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Lójú òfin Bírítéènì, ẹni tí wọ́n bí sábẹ́ adé, abẹ́ adé ló máa kú sí. Kó tó di ogun 1812 láàárín Amẹ́ríkà àti Bírítéènì, ọkọ̀ ogun wọn ń já atukọ̀ gbà nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà, wọn ò sì ka ìwé ọmọ ìlú kankan sí.

Ní 1867, nǹkan bíi 40 ọkùnrin tó fẹ́ gba Írẹ́lándì sílẹ̀ wọ ọkọ̀ Erin's Hope láti New York. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n gúnlẹ̀ nítòsí Dungarvan ní Írẹ́lándì. John Warren, ọmọ Clonakilty ní Írẹ́lándì tó ti gba ìwé Amẹ́ríkà, wà lára wọn. Ní kóòtù Dublin, ó ní àlejò lòun, kí wọ́n fi àlejò ṣe ìdajì àwọn ìgbìmọ̀ tó máa gbẹ́jọ́ òun, nítorí òfin fún àlejò láǹfààní bẹ́ẹ̀. Adájọ́ ní àlejò kọ́, ọmọ abẹ́ adé ni. Ẹ̀wọ̀n ọdún 15 ni wọ́n dá fún un.

Inú bí àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní Oṣù Keje 1868, ilé aṣòfin wọn ṣòfin pé ẹ̀tọ́ ẹni ni láti kúrò lábẹ́ ìjọba tí wọ́n bí i sí. Wọ́n tú Warren sílẹ̀ ní 1869. Ní 1870, Bírítéènì fọwọ́ sí àdéhùn, wọ́n jọ̀wọ́ ẹni tó bá ti lọ.

Ìbéèrè: Ṣé ìbúra yẹn ṣì wà?

Ìdáhùn: Ó wà. Ọmọ Yorùbá tó ń gba ìwé ní Houston lónìí ń sọ ọ́, àfi pé wọn ò dárúkọ ọba kankan mọ́. Tó bá sì délé, òfin ilẹ̀ wa ṣì ń kà á sí ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sílé.