Bí ìwé ẹ̀rí AEO, ìwé ẹ̀rí oníṣòwò tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fọkàn tán, ṣe ń gé ọjọ́ ìdádúró kúrò lára kòkó Èkìtì

Kọ̀ńténà ẹsẹ̀ 20 ń gba nǹkan bí 200 àpò kòkó. Bí àpò kọ̀ọ̀kan bá wọn kílò 62.5, tọ́ọ̀nù 12.5 nìyẹn. Owó tírélà láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì dé Apápá ṣeé dúnàá-dúrà kí ọkọ̀ tó gbéra. Owó ìdádúró ní Èkó ni kò lópin.

Bí òṣìṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù bá tún já síìlì, èdìdì ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ńténà, ní èbúté láti yẹ ẹrù wò, alábàárù á kó àpò sílẹ̀, á tún un tò, tírélà á máa gba owó ọjọ́, ọkọ̀ ojú omi sì lè lọ láìdúró. Kòkó gbígbẹ a sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ Èkó mu. Bí omi inú rẹ̀ bá kọjá 8%, ó lè bu.

Ohun tí AEO ṣe ni pé ó gbé àyẹ̀wò kúrò lórí ẹrù, ó gbé e lọ sórí oníṣòwò. Àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù àgbáyé gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ ní 2005. Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ti 2023 fún un lẹ́sẹ̀, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Oníṣòwò á kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè, lẹ́yìn náà òṣìṣẹ́ á wá wo ilé ìkẹ́rùsí: ta ló ń wọlé, ta ló ń di ẹrù, níbo ni síìlì tí a kò tíì lò wà? Wọ́n á wo ìwé owó, gbèsè, àti bóyá ó ti rú òfin rí.

Ìwé àkọsílẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ lára. Kòkó tí wọ́n fi owó ọwọ́ rà lábúlé, láìsí rìsíìtì, tí wọ́n sì dà pọ̀, ta ló máa mọ oko tó ti wá? Nọ́ńbà síìlì tí awakọ̀ tàbí ajẹ́ǹtì ṣì kọ, ẹyọ kan péré, tó láti dá ẹrù dúró.

AEO kò pa owó rẹ́ o. Owó NESS, owó àbójútó ẹrù tó ń lọ sókè òkun, 0.5% iye ẹrù, wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù NXP, tí wọ́n fi ń kéde ẹrù tó ń lọ sókè òkun ní báńkì, náà wà níbẹ̀. Ibi tó ṣì ń jò ni pé ìfọkàntán Kọ́sítọ́ọ̀mù kò de àwọn àjọ yòókù. Òṣìṣẹ́ NAQS tó ń wá kòkòrò lára irè oko ṣì lè ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kan náà. Ó yẹ kí gbogbo wọn pàdé lọ́jọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí àpò ń wọnú kọ̀ńténà, kí wọ́n fọwọ́ sí nọ́ńbà síìlì kí ilẹ̀kùn tó tì.