Ẹ Wo Ọ́ìlì Ẹ̀rọ Agékoríko Yín

Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ ní Ìlọrin, tí koríko àgbàlá Tanke, Fate àti GRA sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi: ẹ̀rọ agékoríko tí okùn rẹ̀ kò ṣeé fà mọ́, nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì. Ẹni tó gbé e wá yóò ní ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọdún tó kọjá, pé ńṣe ló ṣàdédé dákẹ́. Bí mo bá fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì rẹ̀ yọ, gbígbẹ ni mo sábà máa ń bá a. Àwọn oníbàárà kan tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ mọ́ ọwọ́ ayé, pé aládùúgbò tó wá yá ẹ̀rọ náà ló fi ojú burúkú wò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ayé kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ọ́ìlì ló tán, ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

N kò ní sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń da epo sí i tàbí bí a ṣe ń fa okùn rẹ̀. Ẹni tó bá fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ ti mọ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé yín ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì lọ sí gbogbo ibi tí irin ti ń ha irin, ó sì ní omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ agékoríko tí à ń tì kiri kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wíìlì kékeré kan tó ní etí pẹlẹbẹ lára ló ń yí nínú ọ́ìlì ìsàlẹ̀, òun ló ń ta ọ́ìlì náà sókè sí ara písítìnì, kírankíṣáàfù tó ń yí abẹ, àti kánrọ́ọ̀dù tó so àwọn méjèèjì pọ̀, atẹ́gùn nìkan ló sì ń gba ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 500 sí 600 mílílítà. Bí ó bá ti dín kù jù, afẹ́fẹ́ lásán ni etí wíìlì náà á máa lù, kánrọ́ọ̀dù á gbóná títí yóò fi há mọ́ kírankíṣáàfù, á sì ṣẹ́. Mo ti rí èyí tí irin tó ṣẹ́ náà lu ara ẹ́ńjìnnì jáde. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ bí ọ́ìlì bá pé, ṣùgbọ́n tí ẹ ń gé koríko lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, torí pé ọ́ìlì á ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìwé ìtọ́ni púpọ̀ kò fẹ́ kí ibi tí a ti ń lò ó dagun ju 15 dígírì lọ.

Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀rọ yìí, ẹ gbé e sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ yọ ọ̀pá ìwọn, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà, kí ẹ sì wo ibi tí ọ́ìlì dé. Ẹ kò gbọdọ̀ rọ ọ́ kọjá àmì, torí pé èéfín funfun á máa jáde, ọ́ìlì á sì rin fíítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ gbingbin. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ tuntun, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 5 àkọ́kọ́, torí pé èérún irin tuntun á ti wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí 50 ni ìwé ìtọ́ni púpọ̀ ń sọ, wọ́n sì máa ń ní kí ó jẹ́ wákàtí 25 níbi tí ooru àti eruku bá pọ̀. Ooru àti eruku wo ni a tún ń wá kọjá ti Ìlọrin? Wákàtí 25 ni kí ẹ mú. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ SAE 30 sí lára (bí ó ṣe ki tó nìyẹn) ni mo ń lò fún ojú ọjọ́ wa, n kì í sì í gba ọ́ìlì inú ìgò tí kò lórúkọ, áńbọ̀sì ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti tú kúrò nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó tú ti àtijọ́, kí ìdọ̀tí lè bá a jáde.

Àṣìṣe kan wà tó wá láti ara jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "I better pass my neighbour". Jẹnẹrétọ̀ yẹn ń fẹ́ kí a po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, nǹkan bíi 20 mílílítà sí lítà kan, nítorí pé inú ikùn ẹ́ńjìnnì ni epo ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni ó sì ti ń fi ọ́ìlì pa irin lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ agékoríko tí à ń gbé kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú èyí tí à ń tì lórí táyà ní ojú ibi tí à ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀, epo rẹ̀ kì í sì í dé ibi tí kánrọ́ọ̀dù wà. Bí ẹ bá po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ẹ kàn ń sun ọ́ìlì náà ni. Púlọ́ọ̀gì á dúdú, èéfín á bo àgbàlá, ikùn ẹ́ńjìnnì á sì gbẹ síbẹ̀síbẹ̀.

Àwọn ayédèrú mẹkáníìkì ló ń tan irú ìmọ̀ yìí ká. Èmi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, mo sì gba fírídọ́ọ̀mù kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ fẹ ihò jẹ́ẹ̀tì, ojú tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, kò bá mi ṣe iṣẹ́ kan náà. Àwọn ló ń ní kí ẹ fi káńfọ̀ sínú epo kí ó lè lágbára, tí káńfọ̀ ọ̀hún á sì tún padà di ẹyọ líle nínú kábúrétọ̀ bí epo bá fẹ́ lọ. Àwọn ló ń yọ fíítà jù nù kí ẹ̀rọ lè "mí dáadáa", kí eruku ọyẹ́ lè rí àyè wọlé lọ jẹ písítìnì. Fíítà tìmùtìmù ni ẹ lè fi ọṣẹ fọ̀, kí ó gbẹ, kí ẹ sì kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Ti bébà kì í fẹ́ omi, ẹ kàn gbọ̀n ọ́n tàbí kí ẹ ra òmíràn.

Ti epo tó ti pẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sí ẹni tó fẹ́ tú epo kúrò nínú nǹkan mọ́. Epo tí ẹ fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ láti ìgbà tí òjò ti dá dúró títí di ìgbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀ ti di oje nínú kábúrétọ̀. Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ pamọ́, ẹ da èyí tó kù sínú jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀.

Ó wá ku abẹ, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Ara kírankíṣáàfù gan-an ni wọ́n de abẹ mọ́, nítorí náà ẹni tó bá fi ọwọ́ yí abẹ ti fa okùn ẹ̀rọ náà láìmọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì ló ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, kò nílò bátìrì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe lífà kan sí ibi ìdìmú, tó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá ti kúrò lára rẹ̀, iná á kú. Ní ilé-ìwé kan ní Gúúsù Kwara, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gé koríko pápá rí i pé koríko tútù ti há abẹ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ti kú. Ó da ẹ̀rọ náà délẹ̀, ó fi ọwọ́ tú koríko náà, ó yí abẹ díẹ̀ kí ó lè tú dáadáa. Ẹ́ńjìnnì gbóná yẹn jí. Ìka mẹ́ta ló lọ. Nígbà tí wọ́n pè mí láti wá wo ẹ̀rọ náà, àwọn àgbà kan níbẹ̀ ti ń sọ pé Ògún ló ń bínú, wọ́n sì ti ń jíròrò ohun tí wọn yóò fi bọ ọ́. Mo wo ibi ìdìmú, mo bá wáyà lórí lífà. Mẹkáníìkì kan ló ti dè é mọ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n ráhùn sí i pé ẹ̀rọ ń kú ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi ọwọ́ sílẹ̀. Mo fi wáyà náà han ọ̀gá ilé-ìwé níṣojú gbogbo wọn, mo sì sọ fún un pé wáyà yìí ló gé ìka ọmọ náà.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan abẹ, ì báà jẹ́ láti pọ́n ọn tàbí láti ho koríko kúrò, ẹ fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí orí púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ bá ń da ẹ̀rọ náà délẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ fíítà kọjú sókè, kí ọ́ìlì má baà ṣàn wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá bá okùn, rọ́bà tàbí wáyà lórí lífà ẹ̀rọ yín lónìí, ẹ gé e kúrò, kí ẹ sì fi han ẹni tí ẹ gbà pé kó máa gé koríko fún yín, torí ọwọ́ tirẹ̀ ni ó sún mọ́ abẹ jù.